Adìẹ Tí Àgógó Rẹ̀ Wọ́: Ẹ Má Tíì Gbé Ìkòkò Kaná

 

Àwọn àgbà máa ń sọ pé adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun ò léyín. Ṣùgbọ́n adìẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, tó bá ráhùn, ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Festac ló wà. Òkè àgógó rẹ̀ yà sósì, ìsàlẹ̀ yà sọ́tùn-ún, bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Àwọn ọmọ ilé wa kúkú ti sọ ọ́ ní Àlùmọ́gàjí.

Nígbà tó wà ní òròmọdìẹ, a ò fura. Bó ṣe ń dàgbà ni ẹnu rẹ̀ ń wọ́ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sanra, òun ń rù. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń sọ pé, "Ẹ pa á jẹ kó tó kú." Àmọ́ kò ṣàìsàn o. Òun ló ń kọ́kọ́ sáré débi oúnjẹ. Ebi ló ń pa á nídìí àwo tó kún.

Ṣóńṣó àgógó ni adìẹ fi ń ṣa oúnjẹ, bí ìgbà tí a bá fi ìka méjì mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Tí ṣóńṣó méjèèjì ò bá pàdé, kí ló fẹ́ fi mú un? Wọ́n bí i mọ́ òmíràn, òmíràn fara pa. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé oko ni wọ́n ti gé àgógó rẹ̀, kó má baà máa sọ àwọn yòókù. Tí wọ́n bá gé e jù, ó lè hù wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra old layer, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ mìíràn.

Nítorí náà, àwo la pààrọ̀. Ẹ wá ike kọ́sítáàdì tó ti tán. Ẹ bu mash sí i, kó jìn tó ìka mẹ́rin, kó lè fi ìsàlẹ̀ àgógó bù ú bí ẹni fi ṣíbí bu ọbẹ̀. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, kó ki bí ẹ̀wà àkàrà. Àgbàdo oníhóró ò lè ṣiṣẹ́ fún un. Ẹ gbé ike náà sórí búlọ́ọ̀kù, kó ga tó ẹ̀yìn adìẹ. Ẹ jẹ́ kó dá jẹun, torí àwọn yòókù á jẹ ẹ́ tán mọ́ ọn lójú. Omi rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jìn.

Oúnjẹ tútù máa ń kan nínú ooru Èkó, ẹ da èyí tó bá ṣẹ́kù nù. Tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 2 ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ sí nílé lọ́sàn-án, ẹ fún un ní tútù láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ fi mash gbígbẹ sínú ike jíjìn sílẹ̀ fún un.

Lálẹ́, ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Tó bá kún bíi bọ́ọ̀lù kékeré, ó ti yó. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí fóònù. Kò lè fẹnu tọ́jú ìyẹ́ rẹ̀, torí náà iná lè bò ó; ẹ bu iyanrìn gbígbẹ sí kọ̀rọ̀ kan kó máa fi wẹ̀. Tí àgógó bá gùn jù, ẹ fi fáìlì èékánná rọra ha orí rẹ̀. Ẹ má gé e wọnú, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Tó bá kọjá agbára yín, ẹ pe dókítà ẹranko. Ẹ má sì fi ẹyin rẹ̀ pamọ, torí ó lè bí irú ara rẹ̀.

Àmọ́ ká má tan ara wa. Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tó ṣì ń fúyẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pípa á ló ṣàánú jù. Ẹ má kàn jẹ́ kí ebi pa á kú díẹ̀díẹ̀.

Àlùmọ́gàjí tiwa ti ń yé ẹyin báyìí. Tiyín ńkọ́? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.