Awò Kékeré àti Ẹyẹ Òkèèrè

Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán ẹyẹ kò ní láti kó owó ńlá lé lẹ́ńsì gígùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1999, Laurence Poh, ará Malaysia, gbé kámẹ́rà kékeré sẹ́nu awò awọ̀nàjíjìn, àwòrán tó rí sì ya àwọn awòyẹ lẹ́nu. Lónìí, fóònù lè ṣe iṣẹ́ kámẹ́rà yẹn. Bí lẹ́ńsì fóònù bá jẹ́ ìwọ̀n mìlímítà 26, awò onílọ́po 20 á sọ ọ́ di 520.

Àwọn kan á ní àwòrán tí a fi fóònù yà lẹ́nu awò kì í mọ́. Òótọ́ wà ńbẹ̀, àmọ́ àṣìlò ló sábà ń fà á. Bí ojú awò bá fẹ̀ tó mìlímítà 50, tí ẹ yí i láti ìlọ́po 20 dé 40, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló kù, ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ á sì di ìlọ́po méjì. Ẹ lo ìlọ́po kékeré, ẹ gbé e lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó dúró gbọn-in, kí ẹ sì yà á láàárọ̀ kùtù, kí ooru tó mú afẹ́fẹ́ máa jó. Ti ẹyẹ tó ń fò lọ nìkan ni mo gbà pé lẹ́ńsì gígùn fi borí pátápátá.

Síbẹ̀, ẹyẹ fúnra rẹ̀ ló jèrè jù, torí a kò ní láti sún mọ́ ọn. Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Ibadan malimbe kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, igbó rẹ̀ sì ń dínkù. Igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, wà lára ibi tó kù sí. Àwòrán tó fi í hàn kedere láti òkèèrè tó ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni dé ìdí ìtẹ́ rẹ̀.