Owó aṣọ kàrátè yẹn, ẹ jẹ́ ká fi ra máàtì

(Ọ̀rọ̀ tí admin fi ohùn sọ lórí gúrúùpù. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e, àti àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.)

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti tó oṣù méjì tí ẹ ti ń dá owó sọ́wọ́ akápò, pé kí á fi rán aṣọ kàrátè fún àwọn ọmọ wa àtàwọn ọmọ iṣẹ́ wa, kí èmi sì máa kọ́ wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday. Ẹ ní torí àwọn one chance tó ń gbé èèyàn lójú títì ni, àtàwọn tó ń já fóònù gbà. Ẹ ní admin ní bẹ́líìtì dúdú, kí ló dé tí kò bẹ̀rẹ̀? Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀lẹ ni mí. Àwọn mìíràn ní owó ni mò ń retí. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, mi ò bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Òun ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ òní.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí ẹ rí mi tí mo fi aṣọ so ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọrùn? Mo sọ fún yín nígbà náà pé orí àkàbà ni mo ti já bọ́. Irọ́ ni mo pa. Ẹ forí jì mí. Ojú ló ń tì mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá dé, ọjà ti kún. Àwọn alábàárù méjì ń jà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lórí owó ẹrù. Mo bọ́ sáàárín wọn láti là wọ́n. Ọ̀kan ju ẹ̀ṣẹ́ sí mi. Mo yẹ̀ ẹ́, mo fi apá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Ìbàdàn láti ọmọ ọdún 16. Inú mi ti ń dùn. Kí n tó mí, ọmọ yẹn ti tẹrí ba, ó ti wọlé sí mi lábẹ́, ó fi apá méjèèjì gbá mi mú ní ìbàdí, ó gbé mi kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni gbogbo kàrátè mi parí sí. Kò sí àyè tí mo lè ti ju ẹ̀ṣẹ́, ó ti sún mọ́ mi jù. Ẹsẹ̀ mi kò sí nílẹ̀ tí màá fi ta ìpá. Bí a ṣe ń ṣubú lọ, mo na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn pé kí n fi gbé ara mi ró. Orí símẹ́ńtì ni. Mo gbọ́ ọ bó ṣe dún nígbà tí ọrùn ọwọ́ mi ṣẹ́.

Ọmọ yẹn kò gbá mi ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo o. Ìṣubú ló ṣẹ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni mi ò fi lè gbé àpò ìkòkò kan. Ọjà Iléyá ọdún náà, ọmọ iṣẹ́ mi ló dá tà á, ohun tí a sì rí kò tó ìdajì ti ọdún tó ṣáájú.

Nígbà tí ọwọ́ mi jinná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kàrátè tí mo kọ́ dára. Ó kọ́ mi láti rí ẹ̀ṣẹ́ kó tó dé, ó kọ́ mi ní ìdúró, ó mú kí n ní sùúrù. Ṣùgbọ́n àyè ló ń fẹ́. Ó fẹ́ kí èmi àti ẹni tí mò ń bá jà jìnnà síra wa tó ìwọ̀n apá tàbí ẹsẹ̀ kan. Níbo ni irú àyè bẹ́ẹ̀ wà fún wa? Ṣé láàárín ìsọ̀ méjì nínú ọjà ni? Àbí nínú kẹ̀kẹ́? Àbí ní ẹ̀yìn mọ́tò tí èèyàn mẹ́ta ti há ọ mọ́ àárín? Tí ẹnì kan bá ti di aṣọ ọrùn rẹ mú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹ̀ṣẹ́.

Ni mo bá wá kíláàsì júdò lọ níbí. Mo wọ bẹ́líìtì funfun, èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n ní kí n bá ṣe jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún. Ó dá mi. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Mo dìde. Ó tún dá mi. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe èyí tó fi ń gbé mi lulẹ̀ yìí. Ó ní osoto-gari. Mo ní gàárì kẹ̀? Àṣé gàárì tí mò ń jẹ láti kékeré ló wá ń gbé mi ṣánlẹ̀! Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ lọ́wọ́ ọmọ náà. Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tó ń ṣe kò ju báyìí lọ. Ó kọ́kọ́ fà mí lápá, ó tì mí ní àyà díẹ̀, títí gbogbo ìwúwo mi fi wà lórí gìgísẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló wá fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ gbá kúrò látẹ̀yìn. Kò fi agbára gbé mi. Ẹ lọ wo alábàárù tó ń gbé àpò ìrẹsì. Kì í fi apá fà á sókè. Á kọ́kọ́ mi àpò náà kó lè yẹ̀ ní ìdúró rẹ̀, á wá wọ abẹ́ rẹ̀. Júdò náà nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí alábàárù ọjọ́sí fi gbé mi bí àpò.

Ẹni tó dá júdò sílẹ̀ ni Jigoro Kano. Kì í ṣe Kano tí a ti ń lọ ra ọjà o, orúkọ bàbá náà ni, ará Japan ni. Olùkọ́ ilé ìwé ni, kò sì tóbi lára. Ọdún 1882 ló bẹ̀rẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì kan ní Tokyo. Ní 1922 ni Gichin Funakoshi gbé kàrátè láti Okinawa wá sí Tokyo, Kano yìí kan náà ló sì pè é kó wá fi han àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ òun. Bẹ́líìtì dúdú tí mo fi ń yangàn láti ọdún yìí wá, lọ́dọ̀ júdò ni kàrátè ti gbà á. Funakoshi fúnra rẹ̀ kọ ọ̀nà tí a fi ń dá èèyàn sínú ìwé rẹ̀. Ọwọ́ tí à ń fà padà sí ìbàdí nígbà tí a bá ń ju ẹ̀ṣẹ́, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé apá ẹni tó wà níwájú ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Fífà ni, kì í ṣe ẹwà lásán. Àwọn àgbà kàrátè mọ ọ̀rọ̀ ìdìmú. Àwa la gbàgbé ẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Àwọn Hausa tí a jọ ń tajà ní dambe fún ẹ̀ṣẹ́, wọ́n ní kokawa fún ìjàkadì. Nínú dambe tí wọ́n ń ṣe ní Dei-Dei gan-an, tí ọwọ́ tàbí orúnkún rẹ bá ti kan ilẹ̀, o ti pàdánù nìyẹn. Àwa Yorùbá náà, ìjàkadì ni àwọn bàbá wa ń ṣe lábẹ́ òṣùpá.

Ẹ wo ọmọ wa Israel Adesanya, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1989. Ta ló mọ ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá jù ú lọ? Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2021, ó lọ bá Jan Blachowicz ará Poland jà ní Las Vegas. Títí di ìgbà náà, kò tíì sẹ́ni tó nà án rí nínú irú ìjà yẹn. Ní ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún, Blachowicz gbé e lulẹ̀, ó sì jókòó lé e. Àwọn adájọ́ gbé e fún Blachowicz. Tí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí Adesanya, kí ni màá sọ fún ọmọ iṣẹ́ yín tó kọ́ kàrátè fún oṣù mẹ́ta?

Ìdí tí mo fi dá yín dúró nìyẹn. Mi ò fẹ́ fi aṣọ funfun àti ariwo "kíyàá" ki àwọn ọmọ yín láyà, kí wọ́n wá lọ ko ẹni tí kò yẹ kí wọ́n kò lójú.

Ohun tí mo rọ̀ yín pé ká ṣe nìyí. Àkọ́kọ́, owó aṣọ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi ra máàtì. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lórí símẹ́ńtì, orí lè fọ́ níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ wọ ṣòkòtò àti ẹ̀wù líle tó bá wà nílé. Èkejì, olùkọ́ júdò tòótọ́ ni ká pè. Èmi máa kọ́ wọn ní ẹ̀ṣẹ́ àti yíyẹ̀ ẹ́, èmi náà á sì tò sẹ́yìn wọn tó bá di ti ìdìmú. Ẹ̀kẹta, oṣù kìíní, ìṣubú nìkan ni.

Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ gbọ́ èyí, torí èèyàn ń yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọ̀kadà sì ń gbé wa ṣubú ní Nyanya àti Kubwa. Tí ẹ bá ń ṣubú sẹ́yìn, ẹ tẹ àgbọ̀n yín mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má baà gbá ilẹ̀. Ẹ má na ọwọ́ sẹ́yìn bí mo ṣe ṣe. Ẹ ká ẹ̀yìn bí ìgbá, kí ẹ máa yí lọ, kí apá látorí ìgbọ̀nwọ́ dé àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ má dá a dán wò nílé láìsí nǹkan rírọ̀ nílẹ̀ o.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí fífún ara wọn lọ́rùn ní eré. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni èèyàn fi ń dákú níbẹ̀. Ní kíláàsì, tí ẹni tí o dì mú bá ti fi ọwọ́ lù ọ́ tàbí lu ilẹ̀, o gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Tí àwọn one chance bá sì fi ìbọn tàbí ọ̀bẹ hàn yín, ẹ fún wọn ní fóònù náà. A máa ra òmíràn. Gbogbo ìjà tí mo mọ̀, òun kọ́ ni mò ń fi dáàbò bo fóònù.

Akápò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san owó fún télọ̀. Ẹni tó bá fara mọ́ máàtì, kó kọ "máàtì" sórí gúrúùpù. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó pè mí, ká sọ̀rọ̀. Títí di alẹ́ Friday ni ká fi sí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣubú tí a kò ní lè dìde. Ẹ sùn re o. Èmi admin yín ni.