Ìṣirò Ọmọ àti Ìtọ́jú Ajá Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn: Ọ̀rọ̀ tí A Bá Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Sọ ní Ṣàngó, Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ méjì ni a mú wá. Ó lè dà bí ẹni pé wọn kò tan mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ óò rí ibi tí wọ́n ti pàdé.

Èkíní ni ìṣirò. Àwa olùbẹ̀wò tí a ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kì í wo ohun tí akọ̀wé kọ sínú ìwé wọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ẹnì kan yá ₦50,000. Yóò máa san ₦5,000 padà lóṣooṣù fún oṣù 10, èlé rẹ̀ sì jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣù. Bí a bá ń ka èlé lórí gbogbo owó tí ó yá títí dé òpin, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦5,000. Bí a bá ń kà á lórí gbèsè tí ó kù lóṣooṣù, ₦2,750 péré ni. Ìyàtọ̀ ₦2,250 nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìṣirò kò ní mọ èwo ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun.

Àwọn ọmọ wa ni yóò di akápò àti akọ̀wé lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò bá ní krẹ́díìtì nínú ìṣirò nínú ìdánwò WAEC yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tì mọ́ òun. Owó lẹ́sìnnì sì wọ́n fún òbí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí a bá rí olùkọ́ tí yóò gba ₦30,000 lóṣù láti kọ́ ogún ọmọ pọ̀, ₦1,500 ni yóò kan òbí kọ̀ọ̀kan. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ dán àwọn ọmọ wò, kí ó mọ ẹni tí ìdá àti ìpín ṣì ń dà láàmú, kí ó sì jábọ̀ fún òbí lóṣooṣù. Kì í ṣe ohun àjèjì nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1844, pèsè yàrá ìwé kíkà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ẹ̀kọ́ sì wà lára ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù títí di òní.

Ìgbà wo ni kí lẹ́sìnnì wà? Láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹrin, oòrùn Ìlọrin kì í ṣe eré, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ló dára. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ náà ni ọ̀pọ̀ onílé ń tú ajá sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé nìyí.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀. Ara ajá tí ó yá gágá máa ń gbóná tó 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Bí ó bá kọjá 40, ewu ti dé. Ẹ má so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri páànù. Ẹ rántí pé òjìji àárọ̀ kì í wà níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ fún un ní omi púpọ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ẹ tó mú un rìn lórí títì ọlọ́dà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ ka ení dé èje. Bí ọwọ́ yín kò bá lè gbà á, ẹsẹ̀ ajá kò lè gbà á. Bí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ó ń bì, tàbí tí itọ́ rẹ̀ ki, ẹ gbé e sí òjìji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá dókítà ẹranko kíákíá. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìlọrin.

Àwọn kan ń sọ pé oòrùn ló ń fa dìgbòlugi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Itọ́ ẹranko tí ó ní àrùn náà ló ń gbé e. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún ni ààbò. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi ata tàbí àgbo sí i, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn, ó ṣòro kí ènìyàn tó yè.

Nítorí náà, ní ìpàdé tí ń bọ̀, ẹ fi ohun mẹ́ta sórí tábìlì: olùkọ́ ìṣirò kan fún àwọn ọmọ àdúgbò, ọjọ́ kan tí gbogbo onílé ajá yóò dá owó pè dókítà ẹranko wá fún abẹ́rẹ́, àti àdéhùn pé kí ajá wà ní ìdè títí àwọn ọmọ yóò fi dé ilé láti lẹ́sìnnì. Ohun tí àpò ẹnì kan kò ká, àpò ẹgbẹ́ ká a.