Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Gbọ́ Lẹ́nu Ọ̀gá Ilé-Ìwé



Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan lọ́nà ní Èmùré-Èkìtì, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wọgbó. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n yìnbọn pa ọba méjì ní Èkìtì. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Èrèlé kí àwọn ọmọ náà tó bọ́.

Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí ajínigbé kò fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní láti wọ bọ́ọ̀sì tiwọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ni ọ̀gá ilé-ìwé bá wọn sọ? Ohun tó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí ọmọdé. Wọ́n á gbàdúrà lórí ìlà, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n á yẹ èékánná wò, ó di kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ti gbọ́ o! Ó ti gbọ́ ọ lórí WhatsApp ìyá rẹ̀, lẹ́nu ẹnì kan tí kò mọ̀ rí, tó ń pariwo pé ìlú wa ló kàn. Bí ọ̀gá bá dákẹ́, ohùn yẹn nìkan ló kù fún ọmọ láti gbà gbọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, kí agogo tó lù, ẹ kó àwọn olùkọ́ jọ. Ẹ má yọ awakọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ géètì àti àwọn tó ń ta oúnjẹ sílẹ̀, torí àwọn gan-an ni ọmọ máa ń bi léèrè. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bọ́ síwájú:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ní Èmùré lánàá. Àwọn agbófinró ń wá wọn. Láti òní lọ, olùkọ́ méjì ni yóò máa bá yín wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tí òbí yín kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìkan ló lè wá mú yín. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ wá bá mi.”

Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn jẹ́lé-ó-sinmi, kí olùkọ́ wọn sọ ọ́ ní kíláàsì, gbólóhùn méjì péré. Ẹ má ṣèlérí pé ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe. Ìlérí tí apá yín kò ká, bó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Ti ọmọ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣojú rẹ̀ tún yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n kọlu ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù ọdún 2022, tí ó tó 40 ènìyàn kú, ọmọdé wà nínú ìjọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á padà sí kíláàsì. Bí ilẹ̀kùn bá gbá, á fò sókè. Á máa sùn lórí ìwé ìṣirò, torí kò rí oorun sùn lóru. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé pàṣán yẹn sílẹ̀! Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bi í bóyá ó sùn, bóyá ó jẹun. Bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má fipá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá tó oṣù kan tí kò yí padà, kí òbí rẹ̀ mú un lọ sílé-ìwòsàn. Kì í ṣe wèrè ló ń ṣe é.

Ògiri àti ẹ̀ṣọ́ ilé-ìwé, ojúṣe ìjọba ni, a kò sì ní yé béèrè wọn. Ó ku ẹnì kan tí a máa ń gbàgbé. Olùkọ́ tí ẹ ní kó fi àwọn ọmọ lọ́kàn balẹ̀, ọmọ tirẹ̀ náà lè wà nínú bọ́ọ̀sì níbòmíì. Kí ẹ tó rán an wọ kíláàsì, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fóònù sílé.