Kí Ni Irin Nìkan Lè Ṣe? Sítẹ́rọ́ìdì, Òtítọ́ àti Ìrètí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa

 Láti Agbára dé Igbẹsà, títí dé Sàngó-Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, jíìmù kéékèèké wà káàkiri àdúgbò. Púpọ̀ nínú irin tí wọ́n ń gbé níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é: wọ́n á ki ẹnu páìpù méjèèjì bọ agolo ọ̀dà, wọ́n á rọ kọnkéré sí i, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gan. Irin bẹ́ẹ̀ dára. Iṣan ara kò mọ̀ bóyá kọnkéré lèèyàn gbé tàbí irin olówó ńlá láti òkè òkun. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwòrán tí ọ̀dọ́ tó ń gbé e gbé sọ́kàn, ìyẹn ọkùnrin tó rí nínú fóònù, tí apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ, tó sì ń sọ pé oṣù mẹ́ta péré lòun fi débẹ̀, pé ẹyin àti ìfaradà ni. Ní ọjà, bí ẹnì kan bá tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, gbogbo ẹni tó bá ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀ ló rẹ́ jẹ. Ara tí abẹ́rẹ́ kọ́, tí ẹni tó ni ín wá ń sọ pé irin nìkan ló kọ́ ọ, kóńgò bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òun làwọn ẹlòmíràn fi ń wọn ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí ni pé bí sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú iṣan tóbi, ṣe ń ṣe ẹni tó ń lò ó léṣe, bẹ́ẹ̀ ni bíbò tí wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀ ń ṣe ẹni tí kò fọwọ́ kàn án rí léṣe. Ìpalára kejì yìí ni a kì í kà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí oògùn náà ṣe lágbára tó, torí àwọn kan ń sọ pé kò ṣe ju pé ó ń ti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni lẹ́yìn díẹ̀ lọ. Ní ọdún 1996, Shalender Bhasin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Ọkùnrin 43 tí wọ́n ti mọ irin gbígbé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan gba testosterone, ìyẹn họ́mọ̀nù ọkùnrin tí àwọn sítẹ́rọ́ìdì yìí fara wé, mílígíráàmù 600 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ 10, wọn kò sì gbé irin rárá. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé irin. Àwọn kan ṣe méjèèjì pọ̀, àwọn tó kù kò sì rí oògùn gbà, wọn kò gbé irin. Nígbà tí wọ́n wọn ẹran ara wọn láìka ọ̀rá mọ́ ọn, àwọn tó gbé irin láìsí oògùn fi nǹkan bíi kílò 2 kún tiwọn. Àwọn tó gba oògùn tí wọ́n jókòó fi kílò 3 lé díẹ̀ kún un. Àwọn tó ṣe méjèèjì fi kílò 6 lé díẹ̀ kún un. Ẹ tún un gbọ́ o: ẹni tó jókòó tó gba abẹ́rẹ́ fi ẹran ara kún tirẹ̀ ju ẹni tó làágùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọ̀dọ́ tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, tó ń kọjá sí jíìmù kó tó lọ sùn, kílò 2 yẹn ni tirẹ̀, ohun ńlá sì ni. Àmọ́ bó bá fi í wé kílò 6 ẹni tó ń purọ́, yóò gbà pé ọ̀lẹ ni òun, tàbí pé ara òun ní àbùkù. Kò ṣọ̀lẹ, ara rẹ̀ kò sì lábùkù.

Kí ló wá yẹ kó máa retí? Ọdún àkọ́kọ́ ni ara máa ń dáhùn jù; lẹ́yìn ìyẹn, ìdàgbàsókè á máa falẹ̀ lọ́dọọdún, bí oúnjẹ àti ìsinmi bá tilẹ̀ pé. Ní ti oúnjẹ, àkójọ ìwádìí 49 kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé bí pròtéènì bá ti tó gíráàmù 1.6 fún kílò ara kan lójúmọ́, èyí tó bá lé e kò tún fi bẹ́ẹ̀ mú iṣan pọ̀ sí i. Fún ẹni tó wọn kílò 70, gíráàmù 112 nìyẹn. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fi ẹyin nìkan dé ibẹ̀. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹ̀pà àti wàrà á bá a dá sí i. Oorun ńkọ́? Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń yí láti iṣẹ́ ọ̀sán sí iṣẹ́ alẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè ní ìsinmi ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí wọ́n yà á ní fọ́tò lọ. Gbèdéke kan tún wà. Ní 1995, Elena Kouri, Harrison Pope àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ ṣàyẹ̀wò ọkùnrin eléré ìdárayá 157, tí 83 nínú wọn lo sítẹ́rọ́ìdì. Wọ́n ṣírò ẹran ara tí kì í ṣe ọ̀rá sí gíga ẹni kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé òǹkà àwọn tí kò lo oògùn kò kọjá nǹkan bíi 25, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lò ó ré e kọjá dáadáa. N kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè máa fi ojú lásán dá aládùúgbò rẹ̀ lẹ́bi o. Àwọn kan wà tí wọ́n bí agbára mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò pọ̀ tó iye tí fóònù ń fi hàn wá.

Irọ́ tí mo ń sọ yìí ń pa owó wọlé. Brian Johnson, ará Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Liver King, sọ fún àìmọye ọ̀dọ́ pé ẹ̀dọ̀ màlúù tútù àti ìgbé ayé àwọn baba ńlá ló fún òun ní ara tí wọ́n ń rí, ó sì ń ta oògùn oníhóró tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ ṣe. Ní oṣù Kejìlá 2022, lẹ́yìn tí lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ tú síta, ó jẹ́wọ́ pé òun ń lo sítẹ́rọ́ìdì. Àwọn tó ti ra hóró ẹ̀dọ̀ kò rí owó wọn gbà padà nípa ìjẹ́wọ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo wa mọ ìlérí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike ìyẹ̀fun amúra-tóbi, àti èyí tí wọ́n ń kéde lórí àgbo. Wọ́n yẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀ wò rí ní ilé àyẹ̀wò kan ní Cologne ní Jámánì: nínú 634 tí wọ́n rà ní orílẹ̀-èdè 13, 94 ló ní họ́mọ̀nù tí wọn kò kọ sára ike.

Bí ẹ bá sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìyí, ẹ rántí ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Sydney ní ọdún 2000. Nàìjíríà ṣe ipò kejì nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, tí kálukú ń sá 400 mítà. Amẹ́ríkà gba wúrà, àwa gba fàdákà. Ní 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn tó sáré fún Amẹ́ríkà, jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ pé òun ti lo oògùn tí òfin kọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni òtítọ́ fi lé irọ́ yẹn bá, ó sì tún di 2012 kí wúrà náà tó di tiwa. Sunday Bada, tó wà nínú àwọn mẹ́rin tó sá eré àṣekágbá náà, ti kú ní oṣù Kejìlá 2011. Kò fojú rí i.

Àwa náà kò mọ́ nínú rẹ̀. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 2021, wọ́n dá Blessing Okagbare, eléré sísá ọmọ Nàìjíríà, dúró kó tó sá eré ìkẹyìn-díẹ̀ 100 mítà, nítorí họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fòfin dè é fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì tún fi ọdún kan kún un. Èyí tó dùn mí ju ìyẹn lọ ni ti ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n sọ pé eléré 18 kò yẹ láti kópa, tí mẹ́wàá nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọn kò bá oògùn kankan lára wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé a kò ṣe iye àyẹ̀wò tó yẹ fún wọn nílé kí wọ́n tó lọ. Ibi tí kò bá ti sí ẹ̀rí, aláìṣẹ̀ kò ní ohun tó máa fi gbèjà ara rẹ̀.

Wọ́n lè bi mí pé kí ló kàn mí nínú ara ẹlòmíràn. Òótọ́ ni, ẹni tó ń dá gbé irin nínú yàrá rẹ̀ kò jẹ mí ní àlàyé kankan. Àmọ́ kóòṣì tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọdé kí ara ọmọ náà lè dà bíi tòun, ó jẹ ẹ́ ní àlàyé ohun tó kọ́ ara náà. Àwọn mìíràn á ní àwọn baba wa náà lo oògùn nídìí ìjàkadì. Wọ́n lò ó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo ìjàkadì tí kò fura pé oògùn wà níbẹ̀, oníjàkadì kò sì sọ fún ọmọdé pé iyán nìkan ni. Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti àwọn òbí tó ń bẹ̀rù pé bí a bá ń sọ ọ́ ní gbangba, a ó kàn máa polówó rẹ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù yẹn. Olùwádìí Linn Goldberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oregon ní Amẹ́ríkà ti dán an wò: ìdẹ́rùbani nìkan kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá sọ ohun tí oògùn náà lè ṣe àti ohun tó lè bà jẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn kan nínú ilé-ìwé girama 31, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní oúnjẹ àti bí a ṣe ń gbé irin, iye àwọn tó ń gbèrò láti lò ó dín kù. Ọmọ tí ẹ sọ fún pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́ yóò rí i lára ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, kò sì ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́ nígbà tí ẹ bá dé orí ewu rẹ̀.

Ewu náà kò sì kéré. Ìwádìí kan tí Aaron Baggish ṣáájú rẹ̀, tó jáde ní 2017, fi ọkùnrin 86 tó ti lo sítẹ́rọ́ìdì fún ọdún púpọ̀ wé 54 tí kò lò ó. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún yàrá ọkàn, ọkàn àwọn tí kò lò ó ń ti bíi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún jáde; ti àwọn tó lò ó jẹ́ 52. Níhìn-ín, àṣìmú kan tún wà tí àwọn oníṣègùn ń rí. Ọ̀dọ́ tó gbọ́ pé sítẹ́rọ́ìdì ń mú ara tóbi á lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á sì ta dexamethasone tàbí prednisolone fún un, nígbà mìíràn pẹ̀lú cyproheptadine tó ń múni jẹun, bí wọ́n ṣe ń tà á fún àwọn obìnrin tó ń wá ìsanra. Ìdílé oògùn mìíràn pátápátá nìyẹn. Ojú á rí róbótó, omi á kóra jọ sí ara, ṣúgà lè ga, àmọ́ iṣan tí ọmọkùnrin náà ń wá gan-an ni oògùn yìí ń jẹ. Bó bá sì ti lò ó pẹ́, tó ṣíwọ́ lójijì, ó lè dá a dùbúlẹ̀.

Ibì kan ṣì kù tí ìdákẹ́jẹ́ yìí ti ń pani lára jù. Bí ọkùnrin bá ń gba testosterone láti ìta, ọpọlọ á dáwọ́ àṣẹ tó ń mú kórópọ̀n rẹ̀ ṣiṣẹ́ dúró, irúgbìn inú àtọ̀ rẹ̀ lè tán pátápátá, ó sì lè gba oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ, kó tó padà. Ọkùnrin náà lè ti gbéyàwó láàárín ìgbà yẹn. Ìyàwó ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé lọ fún àyẹ̀wò, ìyàwó ni wọ́n á mú lọ sórí òkè àdúrà, òun ni ìyá ọkọ á máa wò lójú, ọkọ tó mọ ohun tó gún sí ìdí ara rẹ̀ á sì dákẹ́. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ilé ìwòsàn agbègbè yìí fún kò gba owó ńlá: bí tọkọtaya bá dé pẹ̀lú ẹ̀dùn àìrọ́mọbí, kí ẹ yẹ àtọ̀ ọkọ wò lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá yẹ ìyàwó wò, kí nọ́ọ̀sì sì bi í léèrè ní ìkọ̀kọ̀, láìbú u, bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ ìmúra-tóbi rí, irú èwo ni, àti ìgbà wo ló gbà á kẹ́yìn.