Ilé Tí Ológun Fi Sílẹ̀ Sẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ tí ọkọ wa wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ tó bá pé ọdún mẹ́wàá láìtú, ó tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ lu ìlù.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ bí a ṣe ń gbé ilé ró nígbà tí ọkọ kò sí nílé, a bi ara wa pé kí ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Ẹnu wa kò sórí ohun kan: kì í ṣe jíjìnnà ọkọ ló máa ń tú ilé ológun. Ohun tí tọkọtaya kò sọ, tí wọn kò sì kọ sílẹ̀ kí ọkọ tó gbéra, òun ló máa ń tú u. Orí èyí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè wa. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ilẹ̀ Bọ́má. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ibi tí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan kọlu ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Ó fara gbọgbẹ́, ó sì sá pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án pẹ̀lú ọmọ Sierra Leone kan, tí àwọn ará abúlé ibẹ̀ ń bọ́ wọn ní bòókẹ́lẹ́, kí àwọn ọmọ ogun tiwọn tó rí wọn. Ó padà wálé, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé, ó sì darúgbó kó tó kú ní ọdún 2012. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti àwọn tó wà nílé ní irú oṣù mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀. Ṣé àdúrà alààyè ni wọn yóò máa gbà, àbí ọ̀fọ̀ ni wọn yóò máa ṣe?

Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé, láti 1967 sí 1970. Nígbà tó di 1990, ECOMOG kó àwọn ọmọ wa lọ sí Liberia, lẹ́yìn náà ni Sierra Leone. Ní tiwa lónìí, Borno ni. Láti ọdún 2013 tí wọ́n ti dá 7 Division sílẹ̀ ní Màídúgùrì, ilé ológun tí kò tíì gbọ́ orúkọ ìlú yẹn kò wọ́pọ̀.

Iṣẹ́ náà sì ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbé ìbọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1966, inú ilé rẹ̀ ní Kàdúná ni wọ́n ti pa Bìrìgédíà Samuel Adémúlégùn, ọmọ Oǹdó, wọ́n sì pa Latifat ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ní bárékè Ìkẹjà bú gbàmù. Èèyàn tó ju 1,000 lọ ló kú, púpọ̀ nínú wọn ló kú sínú odò Òkè-Àfá nígbà tí wọ́n ń sá àsálà. Ní oṣù kẹjọ 2014, àwọn ìyàwó ológun jáde ní Màídúgùrì, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà bárékè, wọ́n ní wọn kò ní jẹ́ kí ọkọ wọn lọ bá Boko Haram jà láìsí ohun ìjà tó péye. A kò wá dá ẹjọ́ ọ̀rọ̀ yẹn níbí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìyàwó ológun kò fẹ́ ọkọ nìkan. Ó fẹ́ iṣẹ́ ọkọ náà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ohun tí a lè fọwọ́ ara wa ṣe.

Èkíní ni ìjókòó kí ọkọ tó lọ. Àṣẹ lè dé lónìí kí ọkọ gbéra lọ́tùn-únla. Láti Ìkàrẹ́ dé Màídúgùrì ju kìlómítà 1,000 lọ. Ẹni tó bá ti dé ọ̀hún kò lè yà wálé wá yanjú ìjà owó ilé ìwé. Nítorí náà, kí ó tó di báàgì, kí tọkọtaya jókòó. Èló ni yóò máa wọlé lóṣooṣù, ọjọ́ wo ni, ọwọ́ ta ni? Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn lóru, ta ni kí ìyàwó kọ́kọ́ pè nínú ẹbí? Bí foonù kò bá wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ni kí a rò, ta ni kí a bi? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ṣe eré. Nígbà tí ìjọba kéde òfin pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa ní oṣù karùn-ún 2013, wọ́n ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì foonù pa níbẹ̀. Obìnrin tí kò mọ̀ yóò máa rò pé ọkọ òun ti rí ẹlòmíràn, àbí pé ó ti kú. Obìnrin tí wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ yóò lè sùn díẹ̀. Kí ìyàwó náà má sì gbé fọ́tò ọkọ àti ibi tó wà sórí Facebook. Ojú ọ̀tá ń ríran.

Ìkejì ni ìwé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa ti wúwo jù. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin bá wọ iṣẹ́ sójà ní Depot ní Zaria, kò tíì níyàwó. Orúkọ bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ló ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí next of kin. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, yóò wálé wá ṣe ìdána. Ẹgbẹ́ á dá aṣọ, ìlù á dún, ọtí á ṣàn. Gbogbo Ọ̀kà ló mọ̀ pé ó ti gbéyàwó, ṣùgbọ́n ìwé ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá sì gbé e tán, ó ní láti jẹ́ kí wọ́n kọ ìgbéyàwó náà sínú Part Two Order, àti ọmọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń bí wọn. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ní ojú ìwé, àpọ́n ni.

Bí ohun tí a kò gbàdúrà fún bá wá ṣẹlẹ̀, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi ní kí opó kó kúrò nínú yàrá bárékè. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ Military Pensions Board, orúkọ tó wà nínú ìwé ni wọn yóò wò, wọn kò ní wo ẹni tó ń sunkún. A ti rí ilé tí ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n ọkọ kò ti kí ara wọn mọ́ títí dòní nítorí èyí. Ẹ̀gbọ́n náà kò jí nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyàwó náà kò sì ṣojúkòkòrò. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olóògbé ló yẹ kó ti fi bébà kan ṣoṣo parí ìjà yẹn kó tó lọ.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ jókòó síbí, ẹ má bínú sí wa. A kò sọ pé kí ọmọ yín gbàgbé yín. Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ kí ìyá òun gbà, kó kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún rẹ̀, kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Kí tọkọtaya sì gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ní ìjọba ìbílẹ̀, ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà níbí, kí wọ́n gba ìwé ìbí ọmọ lọ́dọ̀ National Population Commission, kí ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó, kí ẹ̀dà mìíràn wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí àwọn méjèèjì fọkàn tán.

Ìkẹta ni owó àti ẹbí. Ọkọ mìíràn máa ń fi káàdì báńkì sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, kí ìyàwó má baà náwó nínàákúnàá. Ẹ wo ohun tí èyí ń dá sílẹ̀: obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta yóò máa kúnlẹ̀ fún ọmọdé kó tó rówó ra gàrí. Owó oúnjẹ ilé gbọ́dọ̀ wọ ọwọ́ ẹni tó ń dáná. Ìyàwó náà sì gbọ́dọ̀ níṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé bárékè mọ̀ pé ìgbàkigbà ni wọ́n lè ní kí àwọn kó ẹrù, nítorí náà kó yan iṣẹ́ tó ṣe é gbé rìn: aṣọ rírán, irun dídì, ọjà tí kò gba ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ẹni tó wà nílé níbí lè bá àwọn ẹbí ọkọ ṣe oko, kó sì ta ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde.

Ti ìfura náà tún wà. Bí ọkùnrin bá bá wa gbé omi wọlé, wọ́n á ti máa sọ ọ́ kiri àdúgbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ọkọ tó wà lójú ogun láago pé ẹ rí ìyàwó rẹ̀ níbi kan. Ọkàn tí kò balẹ̀ lè pa ológun. Bí ẹ bá rí ohun tí kò tọ́, ẹ pe obìnrin náà jókòó. Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ jẹ́ kí òtítọ́ náà wà lọ́dọ̀ tiyín. Ìyàwó tí a fẹ́ ní ibùdó láìsọ fún ará ilé kì í farasin títí. Ọjọ́ ìnira ló máa ń yọjú.

Ìkẹrin ni àwọn ọmọ. Ọmọ ológun lè lọ ilé ìwé mẹ́rin kó tó jáde ìwé mẹ́fà. Kí ìyá tọ́jú ìwé àbájáde rẹ̀ gbogbo sínú fáìlì kan. Bàbá ni kó máa fi foonù gbóríyìn fún ọmọ, kí ó má jẹ́ ìbáwí nìkan ni yóò máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ àyàfi nígbà tí ó bá ṣẹ̀, kò ní yọ̀ lọ́jọ́ tí bàbá bá dé.

Ìkarùn-ún ni ọjọ́ ìpadàbọ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìṣòro ti parí ní ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ òmíràn ló ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà lè máa jí lóru. Bí àwọn ọmọ bá yin nokáútì ní oṣù Kejìlá, ó lè dojú bolẹ̀ kó tó rántí pé Ìkàrẹ́ ni òun wà. Ó lè dákẹ́ títí, ó lè máa kanra, ó lè sá di ọtí. Ẹ má pè é ní wèrè, ẹ má sì sọ pé ìyàwó rẹ̀ ló ṣe é. Ọgbẹ́ ni, ojú lásán ni kò rí i. Àdúrà dára, a ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó rí dókítà pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn ológun wà ní Kàdúná àti ní Yábàá, Federal Medical Centre wà ní Ọ̀wọ̀ níbí, Aro sì wà ní Abẹ́òkúta. Àwa ìyàwó náà, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Ilé ti kọ́ bí a ṣe ń rìn láìsí i. Kí a má kó gbogbo ẹjọ́ ọdún méjì jọ dè é lẹ́nu ọ̀nà. Kí òun náà má sì wọlé bí ọ̀gá tó wá yẹ bárékè wò.

Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta la bẹ ẹgbẹ́ yìí bí ó ṣe ń wọ ọdún kọkànlá.

Àkọ́kọ́, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa bi ọmọ ẹgbẹ́ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá, kí ẹgbẹ́ tó dá aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀: ‘Ṣé ìwé ibi iṣẹ́ rẹ ti mọ ìyàwó yìí?’ Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí yóò gba opó kan là lọ́jọ́ iwájú.

Ìkejì, ẹ yọ̀ǹda owó ìtanràn àìwá ìpàdé fún ẹni tó wà lójú ogun. Kò tọ́ kí a máa gba owó àìwá lọ́wọ́ ìyàwó ẹni tí ìjọba rán lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì máa yà kí ilé náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n bi wọ́n pé, ‘Ẹ kú ìdúródè, ṣé kò sí?’ Bí ìròyìn burúkú bá sì dé, kí àgbà méjì fi ẹsẹ̀ rìn wá sọ ọ́. Kí a má jẹ́ kí obìnrin kà á lórí WhatsApp.

Ìkẹta, ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń rántí àwọn tó ti lọ, kí ẹgbẹ́ má fi ríra ẹ́ḿblẹ̀mù nìkan mọ. Kí ẹ ka àwọn opó ológun tó wà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, kí ẹ kàn wọ́n lójú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn tó wà lójú ogun, Ọlọ́run yóò mú wọn bọ̀ láyọ̀. Àwọn tó ń dúró dè wọ́n, ojú kò ní tì wọ́n. Àwọn tí tiwọn kò padà, Ọlọ́run yóò jẹ́ ọkọ fún opó, yóò sì jẹ́ bàbá fún ọmọ. Ẹgbẹ́ yìí kò ní tú, ọdún mẹ́wàá yóò di ogún, ogún yóò di àádọ́ta, ẹni kan kò sì ní dín nínú wa láìtọ́jọ́. Àmín.