Ọ̀nà Tí Ó Tọ́ Láti Fi Èdè Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa, Kí A Sì Dán Wọn Wò Nínú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkórìíra èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwa kò wí pé kí ọmọ Yorùbá má ṣe kọ́ ọ. Òun ni a fi ń ṣe ìjọba ní Nàìjíríà, òun ni a fi ń dájọ́ ní àwọn ilé ẹjọ́ gíga. Ọmọ tí kò bá sì yege nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń jáde ní ilé-ìwé girama, ẹnu-ọ̀nà Yunifásítì kì í sábà ṣí fún un. Ohun tí a ní láti sọ ni pé èdè àjèjì ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa, ṣùgbọ́n à ń fi í kọ́ wọn, à sì ń fi í dán wọn wò, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni a bí wọn sí. Níbẹ̀ ni àdánù wa ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ náà ń bá jà. Èdè wa a máa fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Níbi tí àwa ti ní ìró “i” kan ṣoṣo tí a kò fi imú pè, méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń pe ọkọ̀ ojú omi àti èyí tí ó fi ń pe àgùntàn ṣe di ọ̀kan náà ní ẹnu ọmọ wa. “Ó” kan náà ni à ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Nítorí náà ni ọmọ ṣe ń sọ ìyá rẹ̀ di ọkùnrin nígbà tí ó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa a máa wí pé, “Bàbá ń bọ̀, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà,” nítorí ọ̀wọ̀. Bí ọmọ bá gbé “wọ́n” yìí wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, àlejò yóò rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bọ̀.

Èyí kì í ṣe àìgbọ́n rárá. Òfin èdè ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ń pa mọ́ ní ibi tí òfin mìíràn ń jọba. Olùkọ́ tí ó mọ èdè méjèèjì dáradára yóò mọ orísun àṣìṣe náà, yóò sì fi ọ̀nà hàn án. Èyí tí kò mọ̀ yóò nawọ́ mú pàṣán. Àjàyí Crowther mọ èyí tipẹ́. Ní 1843 ni ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé èdè méjì náà kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò sì fi ọ̀kan pa èkejì.

Ṣùgbọ́n ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1882 so owó ìrànwọ́ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kíkà àti kíkọ, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún èdè wa. Òyìnbó ti lọ, ṣùgbọ́n àṣà náà kò bá a lọ. Títí di òní ni a ń rí ilé-ìwé tí ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà rẹ̀ yóò ti san owó ìtanràn tàbí kí ó kúnlẹ̀, tí àwọn òbí a sì máa sanwó gọbọi láti ra ìyà yìí fún ọmọ wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé kí ni ẹ̀rí wa, a kò ní lọ jìnnà: Ilé-Ifẹ̀ ni a ó lọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan nínú àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan pàtó, lọ́wọ́ olùkọ́ tí a kọ́ fún iṣẹ́ náà. Apá kejì gba ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì fún ohun gbogbo. Nígbà tí a dán gbogbo wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáradára jù nínú ẹ̀kọ́ wọn; kàkà kí wọ́n sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ta àwọn yòókù yọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1989.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n ṣe ètò, wọ́n sì wá olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ́ni bí èdè àjèjì. Ibi tí kò bá ti sí ìwé àti olùkọ́, orúkọ lásán ni ètò èdè abínibí jẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìdánwò, nítorí ohun tí a bá fi dán ọmọ wò ni olùkọ́ yóò kọ́ ọ. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, ìwé ìdánwò kẹta ni a yà sọ́tọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì sísọ. Ìbéèrè 60 ni ó wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, lẹ́tà ni ọmọ sì ń yàn láti dáhùn wọn. Ẹnu ni a ń dán wò, ṣùgbọ́n ọmọ kò la ẹnu! Nínú ìdánwò JAMB pẹ̀lú, ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, yíyan lẹ́tà náà sì ni gbogbo wọn. Nípa báyìí, ọmọ lè yege kí ó má sì lè bá àlejò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Òmíràn sì lè kùnà nínú ìṣirò, kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò, bí kò ṣe pé kò lóye Gẹ̀ẹ́sì tí a fi bi í. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n àgbàdo wọn epo kò gbọdọ̀ bínú bí iye rẹ̀ kò bá pé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di kánjúkánjú. Ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 gbà pé kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi í kọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, ó ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti fi èdè abínibí kọ́ni ni ìjákulẹ̀ ti pọ̀ nínú ìdánwò. A bọ̀wọ̀ fún ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ̀rí Ilé-Ifẹ̀ lòdì sí èyí. A mọ̀ pé ní ìlú ńlá bí Èkó, èdè púpọ̀ ni ó ń pàdé nínú iyàrá kan, ọ̀ràn ibẹ̀ kò sì rọrùn. Ṣùgbọ́n èyí kò tó ìdí láti gba èdè lẹ́nu ọmọ Ìlá, ọmọ Ìgbòho àti ọmọ Ìkàrẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí a wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà, tí ó sì mọ Yorùbá, fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Èkejì, kí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì wa máa wá bí ọmọ ṣe ń gbọ́, bí ó ṣe ń sọ, bí ó ṣe ń kà àti bí ó ṣe ń kọ. Kí a sì máa bi í ní ìṣirò ní èdè tí ó yé e. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹ̀yin gan-an, ẹ̀yin Olóyè àti ẹ̀yin òbí: ẹ bèèrè ní ilé-ìwé àdúgbò yín bóyá wọ́n ń jẹ ọmọ níyà nítorí Yorùbá, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi òpin sí i. Èyí kò ní dúró de ìjọba.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa wọ ẹ̀wù ilé rẹ̀ dáradára, kí ó tó yá ti àlejò wọ̀.